Ẹ wá sọ tiyín: àwọn géèmù ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí kò ní àwòrán

Ọmọ BASIC
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti gbìyànjú láti jí àwọn géèmù ẹ̀kọ́ àtijọ́ dìde, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ni. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Hamurabi ni mo mú. Doug Dyment ló kọ ọ́ ní 1968 fún kọ̀ǹpútà PDP-8, David Ahl wá tún un kọ ní BASIC, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àkójọ géèmù rẹ̀ ní 1973. Ọba ni ẹni tó ń ṣeré, ọdún 10 ni yóò sì lò lórí oyè. Lọ́dọọdún ló máa sọ iye ilẹ̀ tó fẹ́ rà tàbí tà, iye ọkà tí aráàlú máa jẹ, àti iye ilẹ̀ tí wọ́n máa gbìn sí. Búṣẹ́lì ọkà 20 ni ẹnì kan ń jẹ lọ́dún, éékà ilẹ̀ 10 ni agbára ẹnì kan mọ láti ro. Eku tún wà ńbẹ̀ tó ń bá wọn jẹ nínú ọkà. Bí ebi bá pa ju ìdá 45 nínú 100 àwọn ará ìlú lọ́dún kan, wọ́n á rọ ọba lóyè.

Fọ́tò ojú ìwé ni mo ní, mo wá ní kí kọ̀ǹpútà bá mi kà á. Ó ń ka òdo sí lẹ́tà O, ó ń ka 1 sí I. Ìyẹn ò ṣòro, torí lọ́pọ̀ ìgbà, BASIC fúnra rẹ̀ á yarí. Ibi tí ewu wà ni kó ka nọ́ńbà kan sí òmíràn. Níbi tí kóòdù ti ń wò ó bóyá èèyàn tó láti ro ilẹ̀, 10 ti di 70. Géèmù ṣí, ó ń lọ geerege, kò kígbe rárá. Àbúrò mi ló ń ṣeré tó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mò ń fi ebi pa wọ́n díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ilẹ̀ ni wọ́n ń ro tán.” Ibẹ̀ ni mo ti fura. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú géèmù náà ti dojú dé, àmọ́ kò sí ohun tó bàjẹ́ lójú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà, gbogbo nọ́ńbà ni mo ń fi ojú ara mi wò mọ́ ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ Ìṣirò
Ẹ kú làálàá, Ọmọ BASIC. The Oregon Trail, géèmù ìrìn àjò lọ sí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, ni mo lò fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kó parun: Don Rawitsch, Bill Heinemann àti Paul Dillenberger ló ṣe é ní Minneapolis ní 1971, wọ́n sì pa á rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ parí. Bébà tí Rawitsch tẹ kóòdù rẹ̀ sí ló tọ́jú, òun náà ló tún tẹ̀ ẹ́ wọlé ní MECC, àjọ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ní Minnesota, ní 1974. Èyí tó jáde nínú ìwé ìròyìn Creative Computing ní 1978 ni mo fi ṣiṣẹ́.

Ibi ọdẹ ṣíṣe ló gba àkókò mi jù. Bí ẹran bá yọ, ẹ ó tẹ ọ̀rọ̀ kan bíi BANG, aago kọ̀ǹpútà á sì wo bí ọwọ́ yín ti yá tó. BASIC tèmi ò ní irú aago yẹn, ni mo bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ló bá di pé gbogbo ọmọ di ògbójú ọdẹ! Kíbọọ̀dù òde òní fẹ́lẹ́ lọ́wọ́, ti teletype, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà nígbà náà, wúwo. Mo ní láti dín àkókò náà kù kí ẹran tó ń sá lọ.

Mo tún dẹ ìtẹ̀wé rẹ̀ sílẹ̀ sí lẹ́tà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi ti Teletype 33. Nígbà tó ń yára, wọn ò ka nǹkan kan, bọ́tìnnì ni wọ́n ń lù. Nígbà tó rọra ń bọ̀, wọ́n ń kà á sókè, wọ́n ń jiyàn lórí iye ọta tí wọ́n máa rà nínú $700 yẹn kí gbólóhùn tó parí.

Òwìwí
Ẹ má bínú o, Olùkọ́, èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Ẹ̀rọ ló lọ́ra nígbà náà, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kóòdù lẹ jẹ́ ká tọ́jú. Ẹ wo The Sumerian Game, géèmù ọba mìíràn, tí Mabel Addis, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní New York ní 1964: kóòdù rẹ̀ ti sọnù. Bébà tí teletype tẹ̀ jáde bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣeré ló kù, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni. Mo ti gbìyànjú láti fi irú bébà bẹ́ẹ̀ wá òfin inú géèmù kan rí. Ẹ ó mọ ohun tí ọba dáhùn, ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ̀rọ ì bá sọ bó bá dáhùn òmíràn.

Alátùn-únṣe
Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Àpótí floppy (díìsìkì àtijọ́) ti kọ̀ǹpútà Apple II kan ni mo gbà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́ dà á nù. Lemonade Stand, géèmù nípa títa omi ọsàn wẹ́wẹ́, wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni bá tẹ LIST yóò rí gbogbo kóòdù géèmù yẹn, nítorí náà ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe. Ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: nínú ẹ̀dà kejì, ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ ṣírò èrè tó rò pé òun máa jẹ kó tó mọ ohun tó tà. Mo gbàgbọ́ pé olùkọ́ ni. Àwọn kan ní kí n ju ìyẹn dànù, pé kì í ṣe ojúlówó. Mo kọ̀ jálẹ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò
Ẹ má jù ú nù o! Ẹ bá mi fi ẹ̀dà kejì yẹn ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Òwìwí, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ̀rọ tó lọ́ra yẹn náà ni Rawitsch fi kọ́ àwọn ọmọ.

Ọmọ BASIC
Alátùn-únṣe, ẹ tọ́jú méjèèjì, ẹ má fi ọwọ́ kan floppy náà fúnra rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣí. Ẹ sì kọ ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ta ló kàn?