Àwo mi ni wọ́n yà sọ́tọ̀, fèrèsé ni wọ́n tì

Ohun tí ó ká mi lára jù nínú àìsàn tí mo ṣe ni pé ibi tí àrùn náà kì í gbà ni àwọn ará ilé wa ń ṣọ́. Ní kété tí wọ́n gbọ́ pé ikọ́ fée ni, màmá àgbà ya àwo àti ife mi sọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tí ó tún bọ̀ mí lọ́wọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ fèrèsé yàrá tí èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ ń sùn wà ní títì pa tọ̀sán-tòru, nítorí wọ́n gbà pé atẹ́gùn tútù ni yóò dá kún ikọ́ náà.

Afẹ́fẹ́ ni kòkòrò tí ó ń fa ikọ́ fée ń bá rìn. Bí ẹni tí kòkòrò náà wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá wúkọ́, tí ó sín tàbí tí ó ń kọrin, ẹ̀kán omi tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí yóò jáde, ó sì lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá tí a tì pa fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tí ó bá mí in sínú ni ó lè kó o. Àwo kì í kó o ran ni, bíbọwọ́ náà kò sì ṣe nǹkan kan.

Kí a tó mọ ohun tí ó ń ṣe mí, oògùn ikọ́ olómi ni mo ń rà ládùúgbò, àwọn kan sì ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣojú lásán. Ibà a máa wọlé ní ìrọ̀lẹ́, òógùn a máa bò mí lóru títí aṣọ ìbora yóò fi rin, mo sì ń rù. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó tẹnu mọ́ ọn pé ikọ́ tí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2 yẹ fún àyẹ̀wò, pé kò yẹ kí a dúró di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ikọ́ jáde.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fún mi ní ike kékeré kan, wọ́n sì ní kí n lọ wúkọ́ sínú rẹ̀ ní ìta gbangba. Òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò fi sùúrù ṣàlàyé pé itọ́ kò wúlò. Kí n mí kanlẹ̀, kí n wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ki yóò fi jáde. Láti ìgbà tí Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ti kéde kòkòrò náà ní Berlin ní 1882 ni wọ́n ti ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wá a. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi yẹ tèmi wò ń wá àbùdá kòkòrò náà gan-an, láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, ó sì ń fi hàn bóyá agbára oògùn rifampicin, tí í ṣe òpó ìtọ́jú náà, yóò ká a.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn náà: oríṣi 4 fún oṣù 2, lẹ́yìn náà oríṣi 2 fún oṣù 4. Ìtọ̀ mi pọ́n. Ẹni tí wọn kò bá sọ fún yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ rifampicin ni ó fà á.

Nọ́ọ̀sì ni ó kọ́kọ́ béèrè àwọn tí a jọ ń sùn. Ó ní kí a kó àwọn ọmọ wá, kí a sì ṣí fèrèsé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG tí wọ́n gbà nígbà tí a bí wọn a máa dín ewu irú ikọ́ fée tí ó ń wọ inú ọpọlọ kù, ṣùgbọ́n kò ní kí ọmọdé má kó ikọ́ fée. Wọn kò bá àrùn lára wọn, síbẹ̀ àbíkẹ́yìn wọn, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 5, gba oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò tí ó bá ti wọlé di àìsàn. Ó lò ó tán, ara rẹ̀ sì le.