Paracetamol inú dírípù: ẹ ṣọ́ èyí tó wà nínú báàgì Màmá

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ṣubú, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún wọn lánàá. Ara wọn gbóná, nọ́ọ̀sì wá gbé ìgò kékeré kan kọ́, ó ní paracetamol ni. Paracetamol lásán fún ẹni tí wọ́n là! Màmá ní kí n fún àwọn ní Panadol méjì kún un.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, London:
Ẹ má dán an wò mà! Oògùn kan náà ni. Ìgò mílílítà 100 yẹn, gíráàmù 1 ló wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi ń jẹ́ kó wọlé. Àgbàlagbà tó ju kílò 50 lọ ò gbọ́dọ̀ gbà ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24, ti ìgò àti ti oníhóró papọ̀. Tó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ara ẹni náà sì lè dà bíi pé ó le lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kílò mélòó ni Màmá?

Ìyá Ìbejì:
Wọn ò ju 46 lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì wọn. Ẹni tí ò ju 50 lọ, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni. Ti Màmá á jẹ́ 690, ìyẹn mílílítà 69. Kò yẹ kí wọ́n fa ìgò náà tán.

Bọ̀dá Houston:
Acetaminophen ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n bi mí bóyá mo ti lo Tylenol, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi ń tà á, mo ní rárá. NyQuil, oògùn òtútù tí mo mu lálẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Òun náà ló wà nínú rẹ̀!

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣeun sà. Lemsip tó jẹ́ oògùn òtútù àti co-codamol tó jẹ́ oògùn ìrora náà ńkọ́? Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n bá yí Màmá sí oníhóró lọ́la, ẹ má bá wọn jà. Àwa Yorùbá gbà pé èyí tó bá gba ojú iṣan ló ń wọra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lè gbé oògùn mì, oníhóró ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti gba Panadol. Ìgò àgbo ni mo tún bá nísàlẹ̀ báàgì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Yéè! Ẹ gbé ìyẹn náà lọ fi han dókítà.