Ṣé lóòótọ́ ni wúrà wà nínú RDT tí a fi ń yẹ ibà wò?

Ìyá Kẹ́míìsì, Kàbà

Òkun gbogbo yín o, ẹ̀yin ará ilé.

Kẹ́míìsì ni mo ń ṣe. Kí n tó ta oògùn ibà, mo máa ń kọ́kọ́ fi RDT, tẹ́ẹ̀sì kékeré tó ń yára fi èsì hàn, yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbé oògùn ibà mì nígbà tí kì í ṣe ibà ló ń ṣe é. Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní Lọ́kọ́jà wá sọ fún mi pé ìlà tó ń yọ lójú RDT yẹn, wúrà ni. Ó ní ìmọ̀ nánò, ìyẹn ìmọ̀ nípa ohun tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ni wọ́n fi ṣe é, pé òun náà ló wà nínú fóònù, òun náà ló wà nínú ohun tí wọ́n ń rán lọ sí òfuurufú.

Wúrà tí mo mọ̀ ń dán yinrin. Ìlà yìí pọ́n bí osùn. Bó bá sì jẹ́ wúrà, kí ló dé tí kò fi wọ́n, tí a ń lò ó tán tí a ń sọ ọ́ nù? Àwọn oníbàárà ń bi mí, mo sì fẹ́ fi òótọ́ dá wọn lóhùn.

Ará Láàbù, Ẹ̀gbẹ̀

Màmá, òkun o. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ.

Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni nànómítà. Irun orí èèyàn nípọn tó nǹkan bíi 80,000 sí 100,000 nànómítà. Hóró wúrà inú RDT kì í sábà ju 20 sí 40 lọ. Wúrà tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í ní àwọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ohun tíntìntín tó ń gbé iná kiri nínú irin, á máa mì pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án, wọ́n á fa ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mu, èyí tó ṣẹ́ kù ló ń dé ojú wa ní pupa. Michael Faraday ti po irú omi wúrà pupa bẹ́ẹ̀ ní London, ó sì ròyìn rẹ̀ ní 1857.

Wọ́n lẹ antibody, èròjà tó ń dá ohun kan pàtó mọ̀ tó sì ń gbá a mú, mọ́ ara àwọn hóró náà. Kòkòrò ibà falciparum, tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní HRP2 sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá kán ẹ̀jẹ̀ àti omi tó bá RDT wá sí i, antibody ara wúrà á gbá HRP2 mú, wọ́n á jọ ṣàn lọ títí wọ́n á fi dé ibi tí antibody mìíràn ti ń dènà dè wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n á há sí. Ojú ò lè rí hóró kan ṣoṣo. Ìgbà tí wọ́n bá kó jọ rẹpẹtẹ ni ìlà ń yọ. Wúrà tó lọ sí i kò tó nǹkan rárá, ìyẹn ni kò fi wọ́n.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: HRP2 lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn tán tí ìlà rẹ̀ ṣì ń yọ, ẹ má kàn tún oògùn fún un, ẹ ní kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń fi maikirosikóòpù wò. Ẹ má sì kó páálí RDT sí ibi tí oòrùn ń pa. Ooru ò lè ṣe wúrà ní nǹkan kan. Antibody ló ń bà jẹ́.

Oní-Fóònù, Ìsánlú

Ti fóònù ni kí n dá sí. Ṣíìpù A17 Pro inú iPhone 15 Pro, ti 2023, ní transistor bílíọ̀nù 19 lórí, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tó ń tan iná tó sì ń pa á. Nànómítà ni wọ́n fi ń wọn wọ́n, ibẹ̀ ni ìmọ̀ nánò ti wọ fóònù. TSMC ní Taiwan ló ṣe é. Mo lè pààrọ̀ bátìrì, mo lè pààrọ̀ ojú fóònù, mo lè tún ibi tó ń gba iná ṣe. Inú ṣíìpù, kò sí irin tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè kì bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbowó yín pé òun á tún inú rẹ̀ ṣe, ẹ gba owó yín padà.

Tíṣà Físíìsì, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀rọ awòràwọ̀ James Webb tí wọ́n rán lọ ní 25 December 2021 ní dígí 18, wúrà ni wọ́n fi bo ojú gbogbo wọn, ó nípọn tó 100 nànómítà péré. Gbogbo wúrà náà lápapọ̀ kò tó gíráàmù 50.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní LAUTECH, yunifásítì tó wà níbẹ̀, ti fi omi èèpo kòkó àti èèpo obì ṣe hóró fàdákà nánò tó ń pa kòkòrò àìsàn nínú láàbù. Èèpo kòkó o! Èyí tí a ń dà sí ìdí igi lóko. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n má ro pé ìlú òyìnbó nìkan ni ìmọ̀ yìí wà.

Ìyá Kẹ́míìsì, Kàbà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku ẹyọ kan: ṣé wúrà yẹn lè wọ ara ẹni tí mo yẹ̀ wò?

Ará Láàbù, Ẹ̀gbẹ̀

Rárá o, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá bá a, òun kì í lọ bá ẹ̀jẹ̀. Nánò tó ń wọ ara wà lọ́tọ̀: abẹ́rẹ́ Moderna ti Kòrónà tí wọ́n kó wá sí Nàìjíríà ní 2021, hóró ọ̀rá wínníwínní ni wọ́n fi wé oògùn inú rẹ̀ kó má baà bàjẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Doxil, oògùn jẹjẹrẹ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1995. Ti RDT, inú ike rẹ̀ ló ń dúró sí. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì kó abẹ́rẹ́ tí ẹ fi gún ìka sí àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀.