"Aromọléegun" kọ́ ni gbogbo oríkèé tó bá jẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa pe ọ̀rọ̀ ìṣègùn ní Yorùbá ni pé, bí eegun ọrùn ọwọ́ bá fọ́ yángá tàbí tó yẹ̀, tí dókítà là á tò, ohun tó ń bá oríkèé náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ká máa pè ní "aromọléegun ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ". Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: "ro" ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ìrora. X-ray kì í ya ìrora. Ohun tó ń fi hàn ni pé àlàfo àárín eegun ti fún, torí ohun dídán tó bo orí wọn ti jẹ. Àwọn tí eegun inú ọrùn ọwọ́ wọn yẹ̀ kúrò lára èyí tó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, X-ray ọ̀pọ̀ wọn máa ń burú nígbẹ̀yìn, síbẹ̀ àwọn kan ń fọwọ́ náà ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ. Ká wá pe tiwọn ní aromọléegun?

"Ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ" náà ń purọ́ mọ́ abẹ. Ọjọ́ tí èèyàn ṣubú, tó fọwọ́ gbalẹ̀, ni ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tí abẹ ni kó mú orí eegun tẹ́jú padà. Àwọn oníṣègùn méjì, Knirk àti Jupiter, kọ ọ́ ní 1986 nípa àwọn ọ̀dọ́ tí eegun apá wọn là wọnú oríkèé yìí: níbi tí ẹ̀là eegun kan bá ti fi mílímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ìkejì, gbogbo wọn ló jẹ.

Àwọn kan ní "gbígbó". Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ọjọ́ orí ló ń múni rántí, ọmọ ọdún 25 sì lè ní èyí. "Jíjẹ" ni tèmi, bí gìgísẹ̀ bàtà ṣe ń jẹ sápá kan: "oríkèé jíjẹ ẹ̀yìn ìpalára". (Ẹnìkan á kúkú bi mí bóyá ẹran ni.)

Nígbà tí X-ray kò sì sọ bí ọwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ìlò ọwọ́ ní láti ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. "Agbára ìdìmú" dára fún fífún aṣọ àti yíyí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò kan fífi àtẹ́lẹwọ́ ti ara ẹni dìde lórí àga. Ẹ bá wa wá ọ̀rọ̀ sí ìyẹn.

Ẹ má sì pe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń so eegun ọrùn ọwọ́ pọ̀ ní "gígan". Ọwọ́ lè gan fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kankan fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí, aláìsàn ló gbà láti má tẹ ọrùn ọwọ́ mọ́, kí ìrora lè dáwọ́ dúró. "Ìsodọ̀kan oríkèé" ni mo dá lábàá.