Owó ilé n'Ílọrin: mọ́dẹ́ẹ̀lì mi ò mọ ilé tuntun

Ọmọ Tánkẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé 40 ni mo kó owó ọdọọdún wọn jọ, ní Tánkẹ́, Adéwọlé, Gáà Akáńbí àti GRA. Mo da òpó 22 (ohun tí mo kọ nípa ilé kọ̀ọ̀kan) sínú lm, àṣẹ tó ń fa ìlà gba àárín dátà nínú R, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà: iye yàrá, omi, fẹ́ńsì, títí dórí àwọ̀ ọ̀dà. R², ìdá ìyàtọ̀ owó tí mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣàlàyé, jẹ́ 0.85, àmọ́ tí mo bá gbé ilé tuntun síwájú rẹ̀, iye tó ń pè jìnnà pátápátá sí owó gidi. Níbo ni mo ti ṣì í, níbo ló sì yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí?

Alfa Oníṣirò:
Òpó 22 fún ilé 40! R² kì í wálẹ̀ tó o bá ń kó òpó kún un, kódà kó o fi nọ́ńbà fóònù onílé sí i. Adjusted R², èyí tó ń fìyà jẹ òpó àpọ̀jù, ni kó o wò nínú summary, àbájáde tí R ń tẹ̀ jáde: 1 − (0.15 × 39 ÷ 17), ó kù bíi 0.66 (39 jẹ́ 40 − 1, 17 jẹ́ 40 − 22 − 1). Ilé 10 sí 15 fún òpó kan la sábà máa ń fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí náà òpó 3 tàbí 4 ni 40 lè gbé. Da àwọ̀ ọ̀dà nù.

Ní ti ìbẹ̀rẹ̀, gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mú bírò. Ilé márùn-ún, yàrá 1, 2, 3, 4, 5. Owó wọn, ní ẹgbẹ̀rún náírà, 120, 190, 310, 380, 500. Ìpíndọ́gba yàrá jẹ́ 3, ti owó 300. Yọ ìpíndọ́gba kúrò lára iye kọ̀ọ̀kan. Sọ ìyàtọ̀ yàrá di púpọ̀ pẹ̀lú ìyàtọ̀ owó, ilé kan tẹ̀ lé èkejì, kó o ro wọ́n pọ̀: 950. Sọ ìyàtọ̀ yàrá di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ro ó pọ̀: 10. Pín 950 sí 10: yàrá kan ń fi ẹgbẹ̀rún 95 kún owó. 300 − (3 × 95) fún ọ ní 15, ibi tí ìlà wà nígbà tí yàrá jẹ́ 0. Má sọ pé ilé tí kò ní yàrá ń gba ẹgbẹ̀rún 15 o, ìlà kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Àṣẹ́kù (owó gidi, yọ iye tí ìlà pè kúrò) ilé márààrún: 10, −15, 10, −15, 10. Tí àròpọ̀ wọn ò bá jẹ́ òdo, o ti ṣì í níbì kan.

Ìyá Ọ̀fà:
Báwo lo ṣe kọ àdúgbò?

Ọmọ Tánkẹ́:
Tánkẹ́ 1, Adéwọlé 2, Gáà Akáńbí 3, GRA 4, mà.

Ìyá Ọ̀fà:
Ibi tó o ti ṣì í gan-an nìyẹn. R á gbà pé bí Adéwọlé ṣe ju Tánkẹ́ lọ náà ni GRA ṣe ju Gáà Akáńbí. Ta ló ń gbé Ìlọrin tó máa sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ ò sì ní pariwo. Kọ factor(adugbo): á sọ ọ́ di òpó 3, á fi àdúgbò kan ṣe ìpìlẹ̀, á wọn àwọn yòókù sí i. Má fọwọ́ ara rẹ ṣe òpó 4. NA (R ò rí iye fún un) ni ìkẹrin máa mú wá, torí mẹ́ta ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Mẹ́ta yẹn sì wà nínú òdiwọ̀n Alfa, iye yàrá nìkan ló kù láti fi kún un.

Ará Ìgbómìnà:
Ẹ ya àwòrán àṣẹ́kù náà. Tó bá ń fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ níbi tówó ti ga, ẹ lo log(owo) dípò owó fúnra rẹ̀. Nígbà náà, 0.2 lórí yàrá túmọ̀ sí exp(0.2), tó ń tú log padà, ìyẹn 1.22: fún yàrá kan tó lé, owó fi nǹkan bíi 22% lé sí i. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá owó oṣù ti yọ́ wọ àárín owó ọdún.

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ da ilé 40 rú, ẹ pín in sí òkìtì 10. Kí mọ́dẹ́ẹ̀lì fi 36 kọ́ṣẹ́, kí ó sọ owó 4 tó kù, ìgbà mẹ́wàá. Inú 36 ni kí ẹ ti máa yan òpó, nígbà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti yàn án kí ẹ tó pín, ìdáhùn ìdánwò ti jò nìyẹn.