"Agbára iná" kọ́ ni ká pe fóòtì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa dá ọ̀rọ̀ méjì lábàá lánàá: "agbára iná" fún ohun tí à ń fi fóòtì wọ̀n, àti "ẹ̀rọ aṣáná" fún sítátà ọkọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ọkọ̀ ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló fà á.

Ọdún 1963 ni wọ́n ṣe é ní Jámánì. Fóòtì 6 ni bátìrì irú Volkswagen bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ ọdún 1967 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé púpọ̀ nínú wọn bọ́ sí 12. Nígbà tí mo wá bátìrì fóòtì 6 títí tó sú mi, mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá réwáyà kan n'Íbàdàn pé kó bá mi sọ ọ́ di 12. Ó pààrọ̀ àwọn gílóòbù, ó pààrọ̀ dáínámò àti régúlétọ̀, ṣùgbọ́n ó fi kíkì àtijọ́, ìyẹn sítátà tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sílẹ̀. Ó ní, "Kò ní kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má di kọ́kọ́rọ́ mú pẹ́."

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí arúgbó tó ń gun àkàsọ̀. Lọ́jọ́ náà, gbàgà! Eyín kíkì fò lu eyín fúláìwíìlì (irin rìbìtì tí kíkì ń yí kí ẹ́ńjìnnì lè yí), ẹ́ńjìnnì sì ti dáhùn kí n tó mí. A tún dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, réwáyà sì ní kí n fọwọ́ kan ìdí kíkì. Mo yára fa ọwọ́ mi kúrò. Mo bi í pé ṣé agbára ló pọ̀ jù fún un. Ó ní, "Iná yẹn ló ń tì í jù."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wá sẹ́nu rẹ̀: tì.

Ẹ mú gílóòbù iwájú ọkọ̀ tó jẹ́ wáàtì 36; wáàtì la fi ń wọn agbára, áńpíà la sì fi ń wọn iná tó ń ṣàn. Bátìrì fóòtì 6 á fi áńpíà 6 tàn án. Ti fóòtì 12, áńpíà 3 péré ló máa fún gílóòbù wáàtì 36 tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà, agbára kan náà. Fóòtì nìkan ló di ìlọ́po méjì. Tí a bá wá pe fóòtì ní agbára iná, kí la fẹ́ pe wáàtì? Ìdí nìyẹn tí wáyà ọkọ̀ fóòtì 6 fi máa ń ki: iná tó ń ṣàn nínú rẹ̀ pọ̀.

Ti kíkì tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fóòtì 6 ni wọ́n wé kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn wáyà inú rẹ̀, fún. Bí 12 bá tì í nígbà tí kò tíì máa yí, iná tó ń wọ inú rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "agbára iná rẹ̀ di ìlọ́po méjì" ti ṣi ọmọ iṣẹ́ lọ́nà.

"Ipá iná" ni mo fara mọ́ fún ohun tí à ń fi fóòtì wọ̀n. Ẹnìkan ti sọ pé ipá àti agbára ò yàtọ̀. Wọ́n yàtọ̀. "Agbára mi ò ká a" ni à ń sọ nípa iṣẹ́ tó ju ẹni lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fipá ti ilẹ̀kùn tí kò ṣí, ipá wà níbẹ̀, bí iṣẹ́ kankan kò tilẹ̀ tíì ṣe. Bátìrì tó jókòó sórí pẹpẹ gan-an nìyẹn: kò sí ohun tó ń ṣàn, síbẹ̀ fóòtì 12 wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ti "ẹ̀rọ aṣáná", òótọ́ ni pé gbogbo wa ń ṣáná sí ọkọ̀, èmi náà á sì máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì. Yíyí ni iṣẹ́ kíkì. Àwọn réwáyà sì ti ń sọ pé "kíkì ò mú", "kábọ́ọ̀nù kíkì ti jẹ tán" láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ti di Yorùbá. Ta ló jókòó ṣèpàdé kí wọ́n tó pe Volkswagen ní ìjàpá? Ibi tí ṣọ́ọ̀bù kò ti ní ọ̀rọ̀ tó ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ ni kí a ti ṣẹ̀dá.

Kíkì bàbá mi ṣì wà nínú ọkọ̀. A kò lè fi ti ọkọ̀ fóòtì 12 rọ́pò rẹ̀, torí eyín 109 ló wà lára fúláìwíìlì àtijọ́, 130 ló wà lára tuntun. Wọn ò ní bá ara wọn mu. Kọ́ìlì 12 la wá fi sínú ara rẹ̀ àtijọ́. Kò lu fúláìwíìlì bí i tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ó ku áńpíà. Iná ni réwáyà ń pe ohun tí à ń fi áńpíà wọ̀n, iná náà la sì ń pe gbogbo rẹ̀ pátá. "Ìṣàn iná" ló wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.