"Ìjẹgàba-ọkùnrin" kò tó: "ọkọ" ni kí ẹ kọ síbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ka ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ̀gbọ́n wa láti Adó ṣẹ̀dá lánàá fún ìwé ìtàn àwọn obìnrin Áfíríkà: "ìjẹgàba-ọkùnrin" fún agbára tí ọkùnrin ń lò lé obìnrin lórí, èyí tí àwọn obìnrin náà ń bá jà, "ìṣọ̀tẹ̀-obìnrin" fún ìjà náà. Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gba "ọkùnrin" yẹn wọlé.

Ta ni ìyàwó ń pè ní ọkọ? Nígbà tí ìyá mi wọlé ọkọ ní Ìkọ̀lé, àbúrò bàbá mi obìnrin ò ju ọmọ ọdún 8 lọ. "Ọkọ mi" ni ìyá mi ń pè é títí ó fi di abilékọ. Bó bá gún iyán, á kọ́kọ́ bu ti àǹtí yẹn, á kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ṣé ọkùnrin ni àǹtí mi ni? Ilé ni "ọkọ" yẹn ń sọ.

Ẹ wo ìwé Mariama Bâ ará Senegal, Une si longue lettre, ti 1979. Ta ló da ilé Aissatou rú? Ìyá ọkọ rẹ̀ ni! Kò fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà fún ọmọ rẹ̀, ló bá tọ́ Nabou kékeré dàgbà, ó fà á lé Mawdo, ọkọ Aissatou, lọ́wọ́ kó fi ṣe ìyàwó kejì. Aissatou kó ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bá tirẹ̀ lọ. "Ìjẹgàba-ọkọ" gba Mawdo, ó gba ìyá rẹ̀, ó gba gbogbo ọmọ-osú, ìyẹn àwọn ọmọbìnrin ilé ọkọ.

"Ìṣọ̀tẹ̀" ló tilẹ̀ bí mi nínú jù. Ọ̀tẹ̀, dídì ni wọ́n ń dì í. Ramatoulaye, ọ̀rẹ́ Aissatou tó ń sọ ìtàn inú ìwé Bâ náà, kò dìtẹ̀ mọ́ ẹnì kankan. Ọkọ rẹ̀ kú, ogójì ọjọ́ pé, Tamsir ẹ̀gbọ́n ọkọ dé láti ṣú u lópó; obìnrin náà là á mọ́lẹ̀ fún un pé òun kò fẹ́. Kíkọ̀ nìyẹn. Màmá àgbà mi náà ṣe bẹ́ẹ̀: ó ká aṣọ tí wọ́n gbé wá, ó lọ gbé e sórí pèpéle ẹni tó ni ín. "Ó kọ̀" ni gbogbo àdúgbò sọ. Wọn ò pè é ní ọlọ̀tẹ̀.

"Ìkọ̀-obìnrin" ni mo fara mọ́. Ẹni tó ní wọn yóò kà á sí ikọ̀ tí ọba ń rán, ẹ fi àmì sórí "ì" náà, ó parí.

Àbúrò wa tó ní ká kọ "ùjẹgàba" torí pé ulé là ń pe ilé ní Èkìtì: ulé ni èmi náà ń pè é lẹ́nu, àmọ́ fún ìwé tí ará Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú yóò kà, n kò tíì gbà.